Ẹ Fi Iṣẹ́ Náà Sílẹ̀ Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Ìwà kan wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a ń kọ́ ènìyàn ní kíróṣéè (crochet) àti nítíìn (knitting), ó sì jọ inú rere tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fi í bá wa wí. Akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó tì wá, òwú á lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ojú kan, ìyẹn òrùka òwú tí a hun, á yọ̀ bọ́ lórí abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kí ó tó la ẹnu pé òun fẹ́ ìrànlọ́wọ́, a ti nawọ́, a ti gba iṣẹ́ náà, a ti tún un ṣe, a sì ti dá a padà fún un tẹ̀ríntẹ̀rín. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n kò ní í mọ ohun tí a ṣe. Bí ojú mìíràn bá tún bọ́, ọwọ́ wa náà ni yóò máa wò.

Mo ti wá gbà pé wíwò ni a ń kọ́ ènìyàn nínú iṣẹ́ yìí ju híhun lọ. Ìṣesí ọwọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju mẹ́rin márùn-ún lọ: a ki ìkọ́ bọ inú ojú, a fi gbé òwú, a fà á jáde, a tún fi gbé òwú, a fà á kọjá. Ọwọ́ á mọ̀ ọ́n bó pẹ́ bó yá, nítorí pé ohun kan náà ni ó ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ ẹni tí kò bá lè wo aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ hun, kí ó tọ́ka sí ojú kan, kí ó sọ ibi tí ojú náà ti bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ó kàn, yóò máa gbé iṣẹ́ kiri tọ olùkọ́ lọ ni. Ìgbà tí iṣẹ́ bá sì dàrú ni aṣọ náà ní ohun tí ó pọ̀ jù lọ láti fi hàn án, ìgbà náà gan-an ni àwa máa ń gbé e kúrò níwájú rẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni ó máa ń wà lórí tábìlì nígbà tí mo bá ń kọ́ ẹnikẹ́ni: ti akẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tèmi wà lọ́wọ́ mi, àwọ̀ òwú wa yàtọ̀ ṣùgbọ́n iye ojú wa dọ́gba. Bí ojú kan bá bọ́ lára tirẹ̀, èmi náà á mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọ̀kan bọ́ lára tèmi níbi kan náà, a ó sì jọ gbé wọn dìde, ìṣesí kan lẹ́yìn òmíràn. Ó máa ń falẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kánjú kò ní í fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ju mẹ́ta lọ.

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí n ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí àwọn tí kò ṣe wọ́n rí máa ń pè wọ́n ní ohun kan náà. Ìkọ́ kan ṣoṣo ni kíróṣéè ń lò, bí ènìyàn bá sì parí ojú kọ̀ọ̀kan, òrùka òwú kan ṣoṣo ni ó máa ń kù lórí ìkọ́. Gbogbo èyí tí ó ti kọjá ti dì, kò ní í tú bí a kò bá fà á. Abẹ́rẹ́ méjì ni nítíìn ń lò, gbogbo ojú tí ó wà nínú ìlà kan ni ó sì ń wà lórí abẹ́rẹ́ pọ̀, ìbáà ṣe ogún tàbí ọgọ́rùn-ún, tí gbogbo wọn ṣí sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nítíìn fi máa ń di abẹ́rẹ́ mú bí ẹni tí ó gbé ẹyin lọ́wọ́, tí èjìká rẹ̀ á sì ti ga dé etí kí ìlà kejì tó parí, nígbà tí ẹni tí ń kọ́ kíróṣéè lè fa òrùka kan ṣoṣo yẹn gùn, kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó lọ gbọ́ tẹlifóònù.

Àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ pé kíróṣéè ni ó rọrùn jù, pé òun ni kí ènìyàn kọ́kọ́ kọ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Kíróṣéè rọrùn láti tún ṣe, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti kà, ìyẹn láti wò ó kí a sì mọ ojú tí ó kàn. Nínú nítíìn, abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ń sọ ojú tí ó kàn fún ọ: òun ni èyí tí ó wà ní orí ṣóńṣó. Nínú kíróṣéè, ìkọ́ lè wọ ibikíbi: sábẹ́ okùn méjèèjì tí ó wà lókè ojú, sábẹ́ ọ̀kan nínú wọn, sí àárín ojú méjì, àní sí ara ìlà tí ó wà ní ìsàlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì gbọ́dọ̀ pinnu ní gbogbo ìgbà. Òmìnira yìí náà wà lára ìdí tí kò fi sí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tí ń ṣe kíróṣéè tòótọ́ títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé William Lee ti ṣe ẹ̀rọ tí ń hun ìbọ̀sẹ̀ ní ọ̀nà ti nítíìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1589. Bí ẹ bá rí kíróṣéè gidi lára aṣọ tí wọ́n gbé kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é, iye yòówù kí wọ́n máa tà á. Nítorí náà, bí ẹni tí ó wá bá mi bá jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà, kíróṣéè ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fún un. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó ní sùúrù ṣùgbọ́n tí ohun wẹ́wẹ́ máa ń rú lójú, nítíìn ni.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ìlà àkọ́kọ́. Àṣà ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ta ojóbó, kí ó hun ẹ̀wọ̀n ogún ojú, kí ó wá padà hun ìlà kìíní sórí ẹ̀wọ̀n náà. Ẹ wo ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń lọ́ bí ó ṣe ń gùn, kò sí ibi tí ọwọ́ lè dì mú dáadáa, ojú ara rẹ̀ sì fara jọ ara wọn níwájú ju bí wọ́n ṣe rí lẹ́yìn lọ. Iṣẹ́ tí ó le jù lọ nínú kíróṣéè ni a gbé síwájú ẹni tí kò tíì mọ bí a ṣe ń di ìkọ́ mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbígbé ojú àkọ́kọ́ sórí abẹ́rẹ́ rí nínú nítíìn. Nítorí náà, èmi máa ń hun ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé, òun á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà keje, níbi tí aṣọ ti fẹ̀ tó láti dì mú, tí ojú tí ó dára sì ti wà níwájú rẹ̀ tí ó lè máa fi tirẹ̀ wé. Lẹ́yìn tí ó bá ti mọ ojú nígbà tí ó bá rí i ni a ó padà sí ojóbó àti ẹ̀wọ̀n, ìgbà yẹn kì í sì í pẹ́ yé e. Ẹnìkan lè sọ pé èyí tako ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, pé mo ti fi ọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀. N kò rò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí mo hun kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀ kò tíì di tirẹ̀. Láti ìṣẹ́jú tí ó bá ti fi ojú kan kún un, ọwọ́ mi ti kúrò níbẹ̀.

Nípa ohun èlò, n kò ní í pẹ́ púpọ̀. Kí òwú ní àwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀, kí ó dán, kí ó má ṣe ní irun lára, kí ó má sì ṣe dúdú, nítorí ẹni tí ó ti ń hun fún ọdún pípẹ́ pàápàá máa ń wá ìmọ́lẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀ kí ó tó lè ka ojú òwú dúdú. Ó máa ń dùn mí nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé òwú onírun tí ó rẹwà dé, tí inú rẹ̀ sì ń dùn sí i, tí mo sì ní láti sọ fún un pé kí ó gbé e pa mọ́ ná. Nípa nínípọn, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń tẹ nọ́ńbà láti 0 dé 7 sórí ìwé pélébé tí wọ́n fi di òwú, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ẹgbẹ́ Craft Yarn Council ti Amẹ́ríkà. 4 ni ó dára fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìkọ́ tàbí abẹ́rẹ́ tí ó jẹ́ mílímítà 5. Abẹ́rẹ́ igi tàbí ti ọparun sàn ju ti irin lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí òwú kì í yára yọ̀ lórí wọn. Mílímítà ni kí ẹ sì máa pè, ẹ má pe nọ́ńbà mìíràn: ìkọ́ tí ó jẹ́ mílímítà 5 ni Amẹ́ríkà ń pè ní H-8, abẹ́rẹ́ tí ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ 8 ní ọ̀dọ̀ wọn, ó sì jẹ́ 6 nínú ìlànà àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí nọ́ńbà ti ń ga sí i bí abẹ́rẹ́ ṣe ń tín-ín-rín sí i.

Bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn di ìkọ́ mú ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí. Àwọn kan ń dì í mú bí ìgbà tí a di bírò mú, àwọn kan bí ìgbà tí a di ọ̀bẹ mú. Nínú nítíìn, àwọn kan ń fi ọwọ́ ọ̀tún darí òwú, àwọn kan ń fi ọwọ́ òsì. N kò dá sí i. Ohun méjì péré ni mo ń ṣọ́: ṣé òwú ń lọ geere, ṣé ọwọ́ kò sì dun ẹni tí ń hun? Ẹni tí ó ń lo ọwọ́ òsì nìkan ni mo ń yí ìjókòó rẹ̀ padà. Àwọn yòókù máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi kí a lè jọ kọjú síbì kan náà, ṣùgbọ́n òun á jókòó kò mí lójú, kí ó lè máa rí ọwọ́ mi bí ẹni tí ń wo dígí. Èyí ṣe pàtàkì fún kíróṣéè ju nítíìn lọ, nítorí ọwọ́ méjèèjì ni nítíìn ń lò, ọ̀pọ̀ ọlọ́wọ́ òsì sì ń hun ún bí àwọn ẹlòmíràn láìsí wàhálà.

Ìyá kan wà lára àwọn tí mo kọ́, tí iṣẹ́ nítíìn wọn ń fẹ̀ sí i láti ìlà dé ìlà. Ogún ojú ni a fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi hàn mí, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó wà lórí abẹ́rẹ́, ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà sì ti là sí ọ̀tún àti òsì bí ẹnu fèrè. Wọ́n nà án sí mi. “Tíṣà, ẹ gbà, ẹ bá mi tún un ṣe. Èmi kò mọ ibi tí àwọn ojú tó lé yìí ti ń wọlé.” Mo ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n mú un dání, kí a jọ ṣọ́ ibi tí wọ́n ti ń wọlé. Mo ní kí wọ́n wò ó bóyá ihò wà láàárín aṣọ náà, nítorí ojú tí kò yẹ kí ó wà máa ń gba ọ̀nà méjì wọlé: bí òwú bá dúró síwájú nígbà tí ó yẹ kí ó wà lẹ́yìn, yóò gun orí abẹ́rẹ́ láàárín ìlà, yóò sì fi ihò sílẹ̀ lẹ́yìn, bí kò bá sí ihò, etí aṣọ ni kí a wò. Kò sí ihò. Mo gbé iṣẹ́ tèmi, mo yí i padà láti bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun, mo sì fa òwú gba orí abẹ́rẹ́ lọ sẹ́yìn bí mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe. Ojú àkọ́kọ́ fà sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì gun orí abẹ́rẹ́, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú méjì. Ìyá náà sún mọ́ ọn, wọ́n yọ awò wọn, wọ́n tún un lò. “Ọ̀kan ni,” ni wọ́n wí. “Ọ̀kan ni, ó kàn la ẹsẹ̀ ni.” Wọ́n fa òwú tiwọn wá sí ìsàlẹ̀, wọ́n gbà á gba abẹ́ abẹ́rẹ́ lọ sẹ́yìn, ojú náà sì padà sí ọ̀kan. Wọn kò tún bi mí ní ìbéèrè kan nípa etí aṣọ mọ́. Bí mo bá ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn ni, ogún ojú ni ǹ bá dá padà fún wọn, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti di mọ́kànlélógún kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kíróṣéè máa ń ṣe ìdà kejì: ó máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ títí ohun tí ó yẹ kí ó ní igun mẹ́rin á fi di onígun mẹ́ta. Ojú tí ó kẹ́yìn nínú ìlà ni ó máa ń sọnù, nítorí ó máa ń fara pa mọ́ sí etí, akẹ́kọ̀ọ́ á sì rò pé òun ti dé òpin. Ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n tí a ń hun nígbà tí a bá yí iṣẹ́ padà tún dá kún un. Nínú ojú kúkúrú (single crochet ti Amẹ́ríkà), ẹ̀wọ̀n kan ni a ń hun, a kì í sì í sábà kà á sí ojú. Nínú ojú gíga (double crochet ti Amẹ́ríkà), ẹ̀wọ̀n mẹ́ta ni, a sì sábà máa ń kà á sí ojú kìíní, èyí tí ó túmọ̀ sí pé a gbọ́dọ̀ rántí hun ojú sórí rẹ̀ nígbà tí a bá padà dé. Mo máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní píìnì kékeré kan kí ó fi kọ́ ojú àkọ́kọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá hun padà, ibi tí píìnì wà ni òpin. Mo sì máa ń sọ fún un pé kí ó ka ojú lára aṣọ, kì í ṣe ní ẹnu bí ó ṣe ń hun lọ, nítorí kíkà ẹnu máa ń dàrú bí ẹnìkan bá kí i.

Ẹni tí ń kọ́ nítíìn gbọ́dọ̀ ní ìkọ́ kíróṣéè kan nínú àpò rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní í ṣe kíróṣéè láéláé. Bí ojú kan bá bọ́ tí kò sì sí ẹni tí ó rí i, yóò máa tú lọ sísàlẹ̀ láti ìlà dé ìlà, okùn òwú tí ó wà ní ìbú á sì kù síbẹ̀ bí àkàsọ̀. A ó ki ìkọ́ bọ inú ojú tí ó bọ́ láti iwájú, a ó fi gbé okùn ìbú tí ó sún mọ́ ọn jù, a ó fà á jáde gba inú rẹ̀, a ó sì tún gbé èyí tí ó wà lókè rẹ̀, títí ojú náà yóò fi padà dé orí abẹ́rẹ́. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yọ ojú kan kúrò lórí abẹ́rẹ́, kí ó fà á tú ní ìlà mẹ́rin, kí ó sì gbé e padà. Ojú wọn máa ń ṣe bí ẹni pé mo ní kí wọ́n ya aṣọ. Àmọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é, èjìká wọn á sọ̀ kalẹ̀.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni wọ́n ti ń rí i pé ojú iwájú àti ojú ẹ̀yìn jẹ́ ohun kan náà tí a wò láti ìhà méjì: ní ìhà kan ó dà bí lẹ́tà V, ní ìhà kejì ó jẹ́ kókó kékeré tí ó dábùú. Bí a bá ń hun ojú iwájú ní ìlà kan, tí a sì ń hun ojú ẹ̀yìn ní ìlà kejì, aṣọ á dán níwájú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ á máa ká jọ, akẹ́kọ̀ọ́ á sì rò pé òun ni ó ṣe àṣìṣe. Bí aṣọ náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí ó bá fẹ́ èyí tí yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú iwájú ni kí ó hun ní gbogbo ìlà.

Kò sí ìmọ̀ràn tí kò wúlò tó “ẹ dẹ ọwọ́ yín.” Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le kò mọ̀ pé ó le, bí a bá sì sọ fún un, yóò tún ronú nípa ọwọ́ rẹ̀, yóò sì le sí i. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń fún un ní ìkọ́ tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní mílímítà kan, tàbí kí n wo ibi tí ó ti ń hun: ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ṣóńṣó ìkọ́ hun, níbi tí ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, wọn kì í jẹ́ kí òrùka òwú dé ibi tí ìkọ́ ti nípọn, èyí tí í ṣe ibi tí ó ń wọn ojú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọwọ́ líle tàbí ọwọ́ dídẹ̀ kì í ṣe àléébù. Ohun tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ ni bí ó ṣe le tó. Bí pátánì fìlà, ìyẹn ìwé ìlànà tí a fi ń hun ún, bá sọ pé ojú 20 ni yóò wọ sẹ̀ǹtímítà 10, tí ó sì ní kí a gbé ojú 100 sórí abẹ́rẹ́, sẹ̀ǹtímítà 50 ni ó ń wá. Bí ojú 22 bá ń wọ sẹ̀ǹtímítà 10 lọ́wọ́ tìrẹ, ojú 100 kan náà kò ní í fi púpọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, fìlà náà kò sì ní í wọ orí àgbàlagbà tí o hun ún fún. Ìdí nìyí tí a fi ń hun abala kékeré kan wọ̀n kí a tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó dára tí ẹnikẹ́ni kì í sì í fẹ́ ṣe.

Òbìrí ni mo fẹ́ràn láti fi kọ́ni jù nínú kíróṣéè, nítorí aṣọ fúnra rẹ̀ ni ó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ wí. Bí ojú kúkúrú bá jẹ́ 6 ní ìyípo àkọ́kọ́, yóò di 12, lẹ́yìn náà 18, lẹ́yìn náà 24, a ń fi 6 kún un ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ojú gíga, 12 ni a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, 12 ni a sì ń fi kún un. Bí àfikún kò bá tó, etí á ká sókè, ohun tí a sì ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nìyẹn bí a bá ń hun fìlà. Bí àfikún bá pọ̀ jù, etí á máa ṣẹ́po, á máa rú sókè sódò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí òbìrí rẹ̀ bá ṣẹ́po máa ń fẹ́ jù ú nù, ìgbà náà ni mo sì máa ń sọ fún un pé ní 1997, Daina Taimina, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Látífíà tí ó wà ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, mọ̀ọ́mọ̀ fi kíróṣéè hun irú aṣọ tí ó ń ṣẹ́po báyìí, tí ó ń fi ojú kún un ní ìwọ̀n kan náà láìdáwọ́ dúró, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè fi ọwọ́ kan ohun kan nínú ìṣirò tí wọ́n ń pè ní hyperbolic plane, tí ó ṣòro láti fi bébà ṣe. Ìtàn yìí kò sọ òbìrí akẹ́kọ̀ọ́ mi di pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí ó tún un wò, kí ó ka ojú rẹ̀, kí ó sì rí ìyípo tí àfikún ti pọ̀ jù.

N kì í fi ìborùn gígùn bẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ènìyàn ń dábàá. Ó gùn jù, kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìlà ogún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà nínú àpò ní ìdajì títí di òní. Kí ohun àkọ́kọ́ jẹ́ kékeré, kí ó parí kíá, kí ó sì ní ìlò: aṣọ ìnuwọ́ kékeré, ọ̀já kékeré tí a ń wé mọ́ orí, tàbí òdòdó kan. Ní ilẹ̀ Áyálándì, nígbà ìyàn ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1845, àwọn sístà ìjọ Kátólíìkì kọ́ àwọn obìnrin ní kíróṣéè kí wọ́n lè máa rí owó, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà ń ṣe é yìí kọ́ni lọ́gbọ́n: òdòdó lọ́tọ̀, ewé lọ́tọ̀, kí wọ́n tó wá fi àwọ̀n so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di léèsì ńlá. Ẹni tí kò tíì lè ṣe léèsì lè ṣe ewé kan dáadáa, ewé náà sì ní iye lórí.

Nípa pátánì kíkà, ìkìlọ̀ kan péré ni mo ní. Ohun tí Amẹ́ríkà ń pè ní single crochet ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní double crochet, double crochet ti Amẹ́ríkà sì ni treble ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí single crochet bá wà níbikíbi nínú pátánì náà, ti Amẹ́ríkà ni, nítorí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lo orúkọ yẹn. Àwọn ará Japan máa ń ya àmì dípò ọ̀rọ̀, ẹni tí ó bá sì ti kọ́ bí a ṣe ń wo ojú lè ka àmì náà láìgbọ́ èdè wọn. Fídíò dára, nítorí ènìyàn lè dá a padà lọ́pọ̀ ìgbà láìtijú, àmọ́ kò lè rí iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ń wò ó.

Bí ó bá wá di ọ̀rọ̀ títú, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò pinnu. Mo lè fi hàn án pé ojú kan yí padà ní ìlà mẹ́wàá sẹ́yìn, mo sì lè sọ ohun tí yóò ná an láti tú u dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í sọ pé kí ó tú u. Àwọn kan á tú u lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; àwọn kan á wò ó, wọ́n á ní èyí tí ó wà yìí tẹ́ àwọn lọ́rùn, wọ́n á sì máa hun lọ. N kò rí ìdí tí èyí àkọ́kọ́ fi jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gidi ju èkejì lọ, níwọ̀n ìgbà tí èkejì bá rí àṣìṣe náà kí ó tó pinnu láti fi í sílẹ̀. Èyí tí ó bá fẹ́ tú u gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò ti dúró. Nínú kíróṣéè, kò ju kí ó fà á dé ibẹ̀ kí ó sì ki ìkọ́ padà sínú òrùka tí ó kù. Nínú nítíìn, ó sàn kí ó kọ́kọ́ ki òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú gbogbo ojú ìlà tí ó dára, kí ó so ó, kí ó tó fa èyí tí ó wà lókè rẹ̀, nítorí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ náà ni yóò dá a dúró.

Etí òwú ni mo máa ń kọ́ wọn kẹ́yìn, òun ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì máa ń fò. Ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá gé òwú, ẹ ki í bọ abẹ́rẹ́ tí ṣóńṣó rẹ̀ kò mú, kí ẹ sì tọ̀ ọ́ gba inú ojú lọ sí ọ̀nà kan, kí ẹ padà sí ọ̀nà kejì, kí ẹ sì tún dá a padà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlọ kan ṣoṣo kò tó, pàápàá fún òwú akirílíìkì tí ó ń yọ̀, nítorí lẹ́yìn fífọ̀ díẹ̀ yóò yọ orí síta. Ẹ má sì ta kókó kí ẹ gé e mọ́ ìdí, bí ó ti wù kí ó rẹ̀ yín tó; kókó máa ń wú lójú aṣọ, ó sì máa ń tú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní kí n bá òun ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ nítorí pé iná kò mọ́lẹ̀ tó, mo máa ń bá a kì í.